Àmì Kan, Ọ̀nà Méjì: Ohùn Ọ̀rọ̀ láti Ilẹ̀ Gíríìkì dé Bantè

Bí ènìyàn bá gba títì tó ti Dassa wá sí Savalou ní orílẹ̀-èdè Benin, tó sì bá a lọ títí dé Bantè, yóò rí igi kékeré kan tó dagun sórí lẹ́tà e nínú orúkọ ìlú lára pátákó ẹ̀bá ọ̀nà. Ó wà lórí Logozohè. Ó wà lórí Bantè fúnra rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá yà sí Doumè tàbí Bobè, yóò tún bá a níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó kàwé ní Ìbàdàn á rí igi náà, á sì fa ohùn rẹ̀ wálẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn: igi tó ń ti òkè bọ̀ sílẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ pátákó náà kò sọ̀rọ̀ ohùn rárá. Ìlànà Faransé ló tẹ̀ lé, ohun tó sì ń sọ ni pé kí á la ẹnu, kí á pe lẹ́tà náà bíi ẹ, kí á má pè é bíi e.

Àmì kan náà, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi tí mò ń kọ èyí, àwọn àgbàlagbà ni mò ń kọ́ ní ìwé kíkà àti kíkọ ní agbègbè wa. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo lo ìgbà èwe mi ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, níbi tí wọ́n ti kọ́ wa ní èdè Gíríìkì àtijọ́ kí á lè ka Májẹ̀mú Tuntun bí wọ́n ṣe kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ orírun igi kékeré yẹn. Wọn kò dá a sílẹ̀ nítorí ẹ àti e. Ohùn ni wọ́n dá a fún, ohùn tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀, irú èyí tó wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́. Ìtàn rẹ̀ kan àwa ará Bantè àti Savalou gan-an, nítorí pé ohun tó dé bá ohùn èdè Gíríìkì lè dé bá tiwa.

Òkè kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀

Kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ Yorùbá pé ohùn ń yí ìtumọ̀ padà. Ìlù kì í ṣe ìlú, bẹ́ẹ̀ ni bàtà kì í ṣe bàtá. Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ náà mọ èyí. Bíos, tí ohùn gòkè níbẹ̀rẹ̀, ni ìyè. Biós, tí ohùn gòkè níparí, ni ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà. Nómos ni òfin. Nomós ni pápá tí ẹran ti ń jẹko. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀. Ibi tí ohùn ti gòkè ló yàtọ̀.

Síbẹ̀, ètò tiwọn kì í ṣe ètò tiwa. Nínú Yorùbá, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Ẹ pe pátápátá, ẹ ó gòkè lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ pe ọ̀rọ̀, ẹ ó wà nísàlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nínú Gíríìkì, ọ̀rọ̀ kan, òkè kan ni. Sílébù kan ni yóò gbé ohùn sókè, àwọn yòókù á sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará Japan ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́nà tó jọ èyí títí dòní: ní Tokyo, hashi tí ohùn gòkè níbẹ̀rẹ̀ ni igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun, hashi tí ohùn gòkè níparí sì ni afárá.

Òkè yẹn kì í sì í jókòó síbi tó bá wù ú. Bó ti wù kí ọ̀rọ̀ Gíríìkì gùn tó, àárín sílébù mẹ́ta tó kẹ́yìn ni òkè náà gbọ́dọ̀ wà. Gígùn fáwẹ̀lì ìparí náà tún ń darí rẹ̀. Ẹ wo ánthrōpos, tó túmọ̀ sí ènìyàn. Òkè wà lórí sílébù àkọ́kọ́, tó jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta láti ẹ̀yìn. Bí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan jẹ́ ti ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà á di anthrṓpou. Fáwẹ̀lì ìparí ti gùn sí i, ó ti gba àyè méjì dípò ẹyọ kan, nítorí náà òkè kò lè jìnnà sí ìparí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ti sún wá sórí sílébù kejì.

Yorùbá náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wa ni kò tíì fiyè sí i. Fáwẹ̀lì tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ kì í gba ohùn òkè. A ní ilé, a ní ìlú, a ní ọ̀nà. Ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ láti àárín tàbí láti ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a yá, bí áńgẹ́lì, ló máa ń rú òfin yìí. Kò sí ìyá tó jókòó fi òfin náà kọ́ ọmọ, síbẹ̀ ọmọ kò ní ṣì í.

Òkè ti Gíríìkì pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ń lọ sókè tààrà. Èkejì a máa wà lórí fáwẹ̀lì gígùn nìkan: ohùn á gòkè ní apá kìíní fáwẹ̀lì, á sì sọ̀kalẹ̀ ní apá kejì, bí ó ti rí nínú dôron, tí í ṣe ẹ̀bùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, kí ó pe “yóò” nínú “yóò wá”, kí ó sì fà á díẹ̀. Ohùn á gòkè, á sì sọ̀kalẹ̀ lórí fáwẹ̀lì kan náà.

Ìyàtọ̀ láàárín oríṣi méjì yìí ló sọ òṣèré kan di ẹni ìtàn. Ní ọdún 408 kí á tó bí Jésù, wọ́n ṣe eré Orestes, èyí tí Euripides kọ, ní ìlú Athens. Hegelochus ni òṣèré tó ṣe Orestes. Ó yẹ kí ó sọ pé lẹ́yìn ìjì, ojú òun tún rí ìparọ́rọ́. Fáwẹ̀lì tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ti pajẹ, bí fáwẹ̀lì ṣe ń pajẹ nígbà tí “rí owó” bá di “rówó”, nítorí náà ohùn nìkan ló kù tó lè dá a mọ̀ yàtọ̀. Òkè tààrà ló yẹ kó lò. Ibi tí ohùn ti gbọ́dọ̀ dúró sókè ni tirẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀, ohun tí etí àwùjọ sì gbọ́ ni pé ó rí ẹranko kékeré kan báyìí tí wọ́n máa ń sìn sílé kó lè máa pa eku. Àwọn aláwàdà ìlú kò jẹ́ kó sinmi. Ní ọdún 405, Aristophanes, tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn, ṣì tún un mẹ́nu kàn nínú eré rẹ̀ tó pe àkọlé rẹ̀ ní Àwọn Ọ̀pọ̀lọ́.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni mo rí nínú ìtàn yìí. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn jókòó sí ìta gbangba, kò sí ìwé lọ́wọ́ wọn, kò sí àmì kankan lójú wọn, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ ọ pé ohùn ti sọ̀kalẹ̀ níbi tí kò yẹ. Ohùn náà wà láàyè nínú etí gbogbo wọn.

Ìdí tí àmì fi di dandan

Fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, àwọn ará Gíríìkì kọ èdè wọn láìfi àmì ohùn sí i. Ẹni tó mu èdè mọ́ ọmú ìyá rẹ̀ kò nílò àmì. Lẹ́yìn tí Alexander jagun dé Íjíbítì àti Páṣíà, èdè Gíríìkì di èdè ọjà àti èdè ìjọba fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kì í ṣe èdè ìyá wọn. Ìwé àwọn akéwì àtijọ́ wà níwájú wọn, wọn kò sì mọ ibi tí ohùn ti ń gòkè.

Ní nǹkan bí ọdún 200 kí á tó bí Jésù, ọkùnrin kan ń bójú tó ilé-ìkàwé ńlá ti Alexandria ní Íjíbítì. Aristophanes ni orúkọ tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ọmọ Byzantium lòun, kì í ṣe aláwàdà Athens. Òun ni ìtàn sọ pé ó ṣe àmì mẹ́ta: igi tó ń gòkè fún ohùn òkè, igi tó ń sọ̀kalẹ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀, àti ẹ̀kẹta fún ohùn tó gòkè tó sì sọ̀kalẹ̀. Ẹ fojú sí ẹ̀kẹta yẹn dáadáa: ^. Igi méjì àkọ́kọ́ náà ni wọ́n so pọ̀ lórí. Ẹni tó bá fi ojú tẹ̀ lé e láti òsì sí ọ̀tún, ojú rẹ̀ á ṣe ohun tí ohùn ń ṣe.

Ọ̀nà méjì ni igi tó ń sọ̀kalẹ̀ náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn atẹ̀wé ilẹ̀ Faransé gbà á ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Èdè tiwọn kì í fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, nítorí náà wọ́n fún un ní iṣẹ́ mìíràn: wọ́n fi ń sọ irú fáwẹ̀lì tí wọ́n fẹ́ kí á pè. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Faransé ṣe gbé e wọ Dahomey, tó di Benin lónìí, òun ló sì wà lára pátákó Bantè dòní.

Ọ̀nà kejì gba Sierra Leone àti Èkó. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ Yorùbá jáde ní 1852. Nínú rẹ̀, igi tó ń gòkè dúró fún ohùn òkè, igi tó ń sọ̀kalẹ̀ dúró fún ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín kò sì gba àmì. Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, àmì náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún.

Bantè ni ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Àwa tí à ń gbé ibẹ̀ ń rí igi kan náà nínú ìwé ìjọba àti nínú Bíbélì Yorùbá, pẹ̀lú iṣẹ́ tó yàtọ̀ síra. Ìlànà kíkọ àwọn èdè orílẹ̀-èdè tí Benin fọwọ́ sí ní 1975 gbìyànjú láti tú ọ̀ràn náà: ó yan ɛ àti ɔ fún ohun tí Nàìjíríà ń kọ ní ẹ àti ọ, kí igi orí fáwẹ̀lì lè ráyè jẹ́ àmì ohùn nìkan. Mo fara mọ́ ìlànà yẹn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gba ɛ àti ɔ, tí wọ́n fi àmì ohùn sílẹ̀.

Ibi tí ohùn méjì ti ń gbé pọ̀

Ìca ni a ń pe èdè wa ní Bantè. Ọ̀kan ni lára ẹbí Yorùbá tó wà ní agbègbè Collines, pẹ̀lú ti Ìdáàṣà, ti Ṣábẹ, àti ti Ifẹ̀ tí wọ́n ń sọ ní Tchetti títí wọ ilẹ̀ Togo. Ibi tí Ọ̀yọ́ ti ń pe ṣ, ẹnu wa a máa sọ ọ́ di ohun tí Faransé ń kọ ní tch nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí Ìdáàṣà fi ń di Idaatcha, tí Ṣábẹ sì ń di Tchabè. Ní àárín ìlú Savalou, Mahi ni wọ́n ń sọ, èdè tó bá Fọ̀n tan. Ọba Gbaguidi ló wà lórí oyè níbẹ̀, gbogbo Benin ló sì mọ ọdún iṣu tuntun wọn tó máa ń bọ́ sí 15 oṣù kẹjọ.

Ẹbí Mahi àti Fọ̀n náà ń fi ohùn dá ọ̀rọ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ méjì ni wọ́n ní, òkè àti ìsàlẹ̀. Nínú Fọ̀n, tó tí ohùn rẹ̀ gòkè ni etí. Tò tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ni ìlú. Kọ́ńsónáǹtì pàápàá ń dá sí ọ̀rọ̀ ohùn níbẹ̀. Àwọn bíi b, d, g, v àti z máa ń fa ìbẹ̀rẹ̀ ohùn òkè tó bá tẹ̀ lé wọn wálẹ̀, tí ohùn náà á fi máa ti ìsàlẹ̀ gun òkè.

Nínú kíláàsì mi, mo máa ń rí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọmọ Mahi tó ń kọ́ Yorùbá tètè máa ń gba ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn àárín ni wàhálà rẹ̀. Bí mo bá ní kó pe “ọkọ”, ẹni tó fẹ́ ìyàwó, ó lè fà á wálẹ̀ kó di ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun. N óò ní kó fi imú kùn ún ná láìpe lẹ́tà kankan: re, re. Lẹ́yìn náà dò, dò. Nígbà tí imú bá ti mọ̀ ọ́n, ẹnu á tẹ̀ lé e.

Ìyá kan tó ń ta gààrí wà lára àwọn tí mo kọ́. Ó ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú ìwé kékeré, ní Yorùbá tí gbogbo wa fi ń bá ara wa dòwò, láìfi àmì sí i. Sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹnì kan, ó kọ ọ́ pé “o ku igba”. Ohun tó ní lọ́kàn ni igbá, igbá gààrí kan tí onítọ̀hún kò tíì san owó rẹ̀. Ọjọ́ tí kò sí nílé, ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣí ìwé náà, ó ka igba, ó sì gba igba fàráńkì lọ́wọ́ oníbàárà, ó fagi lé gbèsè. Igbá gààrí kan ju igba fàráńkì lọ dáadáa. Oníbàárà sọ pé òun ti san án, ìyá sọ pé kò tíì san án tán, ìwé sì dúró sáàárín wọn, kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó gbé ìwé náà wá, ó ní, “Olùkọ́, ẹ bá mi wò ó. Ohun tí mo kọ ni mo kọ yìí.” Mo fi bírò fa igi kékeré kan sórí a tó kẹ́yìn, mo sì ní kó tún un kà. Ó kà á, ó dákẹ́, ó tún un kà. Láti ọjọ́ yẹn, kò kọ gbèsè kankan sílẹ̀ mọ́ láìfi ohùn sí i.

Bí orin bá ta ko ọ̀rọ̀

Ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ ohùn ti ń yọ wá lẹ́nu ni orin ìjọ. Ohùn orin òyìnbó ní ibi tó ń gòkè àti ibi tó ń sọ̀kalẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a tò sábẹ́ rẹ̀ náà sì ní tiwọn. Bí orin bá gòkè lórí sílébù kejì “ìlù”, ohun tí ìjọ kọ ni “ìlú”. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti 1914 fún ọ̀pọ̀ ọdún, rí i kedere. Ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá, tó jáde ní 1953, sọ ọ́ pé ohùn ọ̀rọ̀ ló yẹ kó máa ṣe atọ́nà ohùn orin. Kí ìwé yẹn tó jáde, àlùfáà Josaiah Ransome-Kuti ti kọ àwọn orin tó tẹ̀ lé ẹnu Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ Gíríìkì kí àwa tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Dionysius ará Halicarnassus, tó ń kọ́ ènìyàn ní Róòmù ní ọ̀rúndún tó ṣáájú ìbí Jésù, kọ ọ́ pé nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ohùn kì í gòkè ju bí ẹni kọ láti dò dé sò lọ. Ó sì fi apá kan nínú Orestes yẹn náà ṣe àpẹẹrẹ ibi tí orin kò ti ka ohùn ọ̀rọ̀ sí. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kà á sí. Ní Delphi, ní ilẹ̀ Gíríìkì, àwọn awalẹ̀pìtàn Faransé rí àwọn òkúta kan ní 1893 tí wọ́n fín orin ìyìn sí lára, láti nǹkan bí ọdún 128 kí á tó bí Jésù, pẹ̀lú àmì orin lókè ọ̀rọ̀. Nínú àwọn orin wọ̀nyẹn, sílébù tó ni òkè kì í sábà wà nísàlẹ̀ èyíkéyìí nínú àwọn sílébù yòókù ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó kọ orin wọ̀nyẹn bọ̀wọ̀ fún ohùn ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí onídùndún ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un nígbà tó bá ń ki ènìyàn.

Kí ẹnu tó gbàgbé

Nígbà tí yóò fi di ọ̀rúndún kẹrin lẹ́yìn ìbí Jésù, ohùn gíga yẹn ti kúrò lẹ́nu àwọn ará Gíríìkì. Agbára ni wọ́n ń fi pe sílébù tó ni òkè, wọn kò gbé ohùn rẹ̀ sókè láti dá ọ̀rọ̀ mọ̀ mọ́. Síbẹ̀, wọn kò yé kọ àwọn àmì náà. Ọmọ ilé-ìwé ní Athens ń kọ́ àmì mẹ́ta náà títí di 1982, nígbà tí ìjọba wọn fọwọ́ sí i pé kí ó ku ẹyọ kan. Bí ẹnì kan bá béèrè lónìí bí Hegelochus ṣe ṣì í, a lè dá a lóhùn, nítorí pé ẹnì kan ní Alexandria kọ ohùn sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà lẹ́nu ènìyàn.

Ohùn tiwa ṣì wà lẹ́nu. Ìyá àgbà ní Pira tàbí ní Akpassi kò ní ṣi ohùn kankan pè látàárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní Cotonou, Faransé ló fi ń kàwé, Fọ̀n ló fi ń ṣeré, Ìca tó ń sọ kò ju ìkíni lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Aristophanes ọmọ Byzantium ṣe àmì fún. Bí a bá kọ ìtàn ìdílé, oríkì, orúkọ ewé àti orúkọ oko sílẹ̀ láìfi ohùn sí i, egungun ọ̀rọ̀ la fi lé e lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní àmì ohùn ń fa ìdádúró. Òótọ́ ni pé kò yá bíi kíkọ lásán. Ṣùgbọ́n ìkíyèsí mi lẹ́nu iṣẹ́ ni pé ẹni tó bá fi àmì kẹ́kọ̀ọ́ láti ọjọ́ kìíní kì í kà á sí ẹrù. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé kó fi í sílẹ̀ di ìgbà tó bá yá ni kì í padà sí i. Tẹ́lifóònù pàápàá ti ní ibi ìtẹ̀wé Yorùbá báyìí tó gba ẹ, ọ àti àmì wọn.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ. Ìwé Faransé ti kọ orúkọ ọ̀pọ̀ ìdílé ní Bantè àti Savalou láìsí ohùn, àwọn àgbà tó mọ̀ bí ó ṣe yẹ kí á pè é sì ń dínkù. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó mọ̀wé lọ bá àgbà ilé rẹ̀, kí ó ní kí àgbà pe orúkọ ìdílé, orúkọ àdúgbò àti orúkọ odò wọn, kí ó sì fi àmì sórí fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bí ó ti gbọ́ ọ. Kí ẹgbẹ́ akọrin ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìwé orin wọn, kí òǹtajà ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìwé gbèsè rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ní owó nínú, kò sì gba àṣẹ ìjọba. Ẹni tó mọ ohùn lónìí ló lè ṣe é. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí i ṣe bí àwa kò bá ṣe é.